Ta Ló Pa Àwọ̀ Pupa Yẹn Rẹ́? Bí Kọ̀ǹpútà àti Ohun Tó Jẹ Ọ̀gá Lógún Ṣe Ń Bí Ìpinnu Eléwu

Ọ̀sán Sátidé kan ni, a wà nínú mítìn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mò ń bá ṣe akáǹtì ní Abẹ́òkúta níbí, fáànù ń yí àmọ́ kò fẹ́ atẹ́gùn kankan. Mo kọjú láptọ́ọ̀pù sí wọn. Ńṣe ni gbogbo ojú ẹ̀ pọ́n, pupa lókè, pupa nísàlẹ̀, torí sọ́fítíwíà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń kun orúkọ ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ tí kò tíì san owó lóònù tó yẹ kó san lóṣù ní pupa. Alága wa, bàbá tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, tó jẹ́ pé owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra omi fún wa ní mítìn, wo kọ̀ǹpútà yẹn títí, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wá ní, "Ìyá Àyọ̀, ṣé ọgbọ̀n ọjọ́ yìí ò lè di àádọ́rùn-ún ni?" Mo ní, "Ó lè dì í, sà." Wọ́n ní kí n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà yẹn, pupa mọ́kànlélógójì bá di mẹ́rin. Ara tu gbogbo ilé. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí lóònù tuntun mẹ́fà.

Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá yẹn lólè, torí wọn kì í ṣe olè, kọ́bọ̀ kan ò wọ àpò wọn níbẹ̀. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé kò gbọdọ̀ sí ẹnì kan tó máa dúró ní ọjà Kútọ̀ tí á máa sọ pé òun wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn Bàbá, wọ́n lé òun padà. Àánú wà níbẹ̀, ìfẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀, torí wọ́n wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àánú àti orúkọ rere, ta ló máa bú èèyàn torí ẹ̀? Àmọ́ ohun méjì yẹn ló sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ló le jù, pé àwọn onígbèsè yẹn á san. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀, àkókò owó ilé ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá gba owó tí wọ́n ti ń fi pamọ́ látọdún yìí wá, a ò rí i san fún wọn. Obìnrin kan tó ń pa adìrẹ ní Ìtòkú jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, aró ṣì wà ní èékánná ẹ̀, kò bínú, kò pariwo, ó kàn jókòó. Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn. Èmi ni mo tẹ kọ̀ǹpútà yẹn.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú yàrá kékeré yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, owó ló kàn pọ̀ ju tiwa lọ. Ní oṣù kẹta 2024 CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí àwọn báńkì lọ wá owó kún owó ìdókòwò wọn, ₦500 bílíọ̀nù fún báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà, ₦50 bílíọ̀nù fún ti ẹkùn, wọ́n fi gbèdéke sí 31 oṣù kẹta 2026. Owó ńlá nìyẹn, owó kì í sì í jókòó lásán, ó gbọ́dọ̀ ríbi lọ. A sì ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní 2004, nígbà tí Soludo jẹ́ gómìnà CBN, wọ́n ní kí báńkì gbé owó wọn kúrò ní ₦2 bílíọ̀nù lọ sí ₦25 bílíọ̀nù, nígbà tí 2005 fi máa parí báńkì 89 ti di 25, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Owó wá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn MD, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, títí kan ṣíà báńkì tiwọn gan-an. Ọjà ṣíà dà wó ní 2008. 14 oṣù kẹjọ 2009, Sanusi tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà yẹn yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tó yá CBN ti da ₦620 bílíọ̀nù sínú àwọn báńkì kan kí wọ́n má bàa kú mọ́ àwọn aráàlú lọ́wọ́.

Ṣé kò sí kọ̀ǹpútà ní báńkì nígbà yẹn ni? Ó wà. Lóònù yẹn wà nínú sístẹ́ẹ̀mù wọn, orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀, ohun tó fi dúró wà níbẹ̀. Torí náà nígbà tí wọ́n bá ní kí ọkàn wa balẹ̀ nísinsìnyí, pé sístẹ́ẹ̀mù tuntun ti dé, pé AI ló ń wo ewu báyìí, ọkàn tèmi kì í balẹ̀ tán.

Ohun tó yé mi nìyí. Ọ̀gá àgbà kì í rí ilé iṣẹ́ ẹ̀. Ìwé ló ń rí, tàbí ojú kọ̀ǹpútà. MD tó jókòó sínú ẹ́síì ní Òkè-Ìlewó ò rí oníbàárà tó ti kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní Lafẹ́nwá lóru, nọ́ńbà tí ẹnì kan gbé síwájú ẹ̀ ló rí. Ẹni yẹn sì ti yan ohun tí wọ́n máa kà àti ohun tí wọn ò ní kà, ó ti yan ọjọ́ tí gbèsè di gbèsè, ó ti yan àwọ̀ tó máa kun ún. Kí nọ́ńbà kan tó gòkè dé tábìlì ọ̀gá, ọwọ́ mẹ́rin márùn-ún ti kàn án, gbogbo ọwọ́ yẹn ló sì mọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ràn láti gbọ́. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Orí ẹrù ni dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo nọ́ńbà jọ, ń fi hàn wá.

Apá kejì ni ọ̀gá fúnra ẹ̀. Ní 1984, Hambrick àti Mason, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, kọ ohun tí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso ṣì ń gbé karí títí dòní. Wọ́n ní ìsọfúnni tó ń wọlé pọ̀ ju ohun tí orí ẹnì kan lè gbé, torí náà ohun tí ọ̀gá ti là kọjá àti ohun tó kà sí pàtàkì ló máa pinnu ibi tí ojú ẹ̀ máa lọ, lẹ́yìn náà ohun tó máa rí níbi tójú ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ìtumọ̀ tó máa fún un. Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìwà ọ̀gá ti sẹ́ ìsọfúnni yẹn bí ẹni sẹ́ ògì kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ lè gbé ojú ìwé kan náà fún ẹni tí orúkọ jẹ lógún, ẹni tí owó jẹ lógún, àti ẹni tí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ jẹ lógún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n máa kà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó tún wá ku ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ẹ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, ọmọ Ísírẹ́lì méjì, kọ ọ́ jáde ní 1979. Wọ́n bi àwọn èèyàn pé, ṣé wàá mú 3,000 tó dájú, àbí wàá ta tẹ́tẹ́ tó lè fún ẹ ní 4,000 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tó jẹ́ pé ìgbà méjì tó kù o ò ní rí nǹkan kan? 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn mú 3,000 àwọn. Wọ́n wá dojú ìbéèrè dé: ṣé wàá pàdánù 3,000 tó dájú, àbí wàá ta tẹ́tẹ́ tó lè mú kó o pàdánù 4,000 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tó o sì lè má pàdánù nǹkan kan rárá lẹ́ẹ̀mejì? 92 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn á ta tẹ́tẹ́ ọ̀hún. Iye owó yẹn ò yí padà o, èrè ló kàn di àdánù. Ẹni tó ti ń pàdánù ló máa ń láyà jù, òun náà ni mo máa ń rí ní ọjà, ẹni tí ọjà ń kú mọ́ lọ́wọ́ ló ń sáré lọ yá owó sí i.

Ẹ wá gbé ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Tí wọ́n bá fún mánéjà báńkì kan ní tágẹ́ẹ̀tì ₦10 bílíọ̀nù, tó rí ₦9 bílíọ̀nù kó wọlé, owó wọlé àbí kò wọlé? Ó wọlé. Àmọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kùn ún ní pupa, ó fi àmì ìyọkúrò sí i, ọ̀gá fi sórí WhatsApp àwọn mánéjà gbogbo. Ọkùnrin yẹn ti di ẹni tó ń pàdánù lójú ara ẹ̀, òun ló máa fọwọ́ sí lóònù tí kò bá fọwọ́ sí ká ní tágẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ mẹ́jọ. Ibi tí ẹ bá fi ìlà sí nínú sístẹ́ẹ̀mù, ibẹ̀ ni ìgboyà àti ìbẹ̀rù ti ń bẹ̀rẹ̀, ènìyàn ló sì fa ìlà yẹn, kò já bọ́ látọ̀run. Ohun mìíràn tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí, March àti Shapira ní 1987, ni pé àwọn mánéjà kì í gbà pé tẹ́tẹ́ làwọn ń ta. Wọ́n gbà pé ọwọ́ àwọn ká ewu yẹn, pé ọgbọ́n àwọn á bá a yí. Mo gbà wọ́n gbọ́ torí mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, "a mọ àwọn èèyàn wa, wọ́n á san."

Tí ẹ bá rò pé kékeré ni ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ àti àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn, ẹ gbọ́ ti Silicon Valley Bank ní Amẹ́ríkà. Báńkì ńlá ni, àwọn ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kówó síbẹ̀. Wọ́n ní sístẹ́ẹ̀mù tó ń wọn ewu tó lè ṣẹlẹ̀ tí èlé orí owó bá gòkè. Sístẹ́ẹ̀mù yẹn kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì, ó sọ fún wọn pé ewu ń bọ̀. Ohun tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Federal Reserve, wá kọ jáde ní oṣù kẹrin 2023 ni pé dípò kí àwọn ọ̀gá báńkì yẹn tún ewu náà ṣe, ńṣe ni wọ́n yí ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀ padà kí ewu náà lè kéré lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ oṣù nínú 2022 ni wọn ò tiẹ̀ ní ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ewu. 9 oṣù kẹta 2023, àwọn oníbàárà gba dọ́là bílíọ̀nù 42 jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kejì ìjọba ti báńkì yẹn pa. Ìgbà tí mo kà á, mo pa fóònù mi dé, mo jókòó. Ohun tí mo fi ìka mi tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Abẹ́òkúta ni wọ́n tẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà míì kì í ṣe pé wọ́n yí nǹkan padà, wọn ò kàn kó gbogbo ẹ̀ wá síwájú ọ̀gá ni. Alẹ́ 27 oṣù kìíní 1986, àwọn ẹnjiníà Morton Thiokol, ilé iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, sọ fún NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, lórí fóònù pé òtútù tó ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì máa le jù, pé rọ́bà tó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa gbé ọkọ̀ òfúrufú Challenger lè má ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn sọ fún ọ̀gá àwọn ẹnjiníà pé kó bọ́ fìlà ẹnjiníà sílẹ̀, kó dé fìlà mánéjà, ó sì dé e. Ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra ló fọ́ lójú ọ̀run, èèyàn méje kú. Àwòrán tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń ronú lórí ọ̀rọ̀ òtútù fi ìgbà tí rọ́bà bàjẹ́ nìkan hàn. Gbogbo ìgbà tí rọ́bà ò bàjẹ́ rárá, tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ móoru ní gbogbo ẹ̀, kò sí nínú àwòrán. Ká ní wọ́n kó méjèèjì pọ̀, ọmọ iléèwé á rí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Post Office ní Ìlú Ọba. 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sístẹ́ẹ̀mù ìṣírò owó kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Fujitsu ń bójú tó, sínú àwọn pósófíìsì kéékèèké káàkiri. Àwọn tó ń mú pósófíìsì yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ńlá, èèyàn bíi tèmi tiẹ̀ ni wọ́n, tọkọtaya tó ní ṣọ́ọ̀bù ní abúlé. Kọ̀ǹpútà á ní owó ò pé, owó á sì pé. Ọkùnrin kan ní Bridlington pe fóònù ìrànlọ́wọ́ wọn nígbà 91, ìgbà 91 o, ó ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe kọ̀ǹpútà yìí. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n borí ẹ̀, owó tí wọ́n ní kó san lé ní £321,000, ó di onígbèsè pátápátá. Láàárín 1999 sí 2015, ó ju 900 èèyàn lọ tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti ayédèrú torí ohun tí sístẹ́ẹ̀mù yẹn sọ. Òfin wọn níbẹ̀ gan-an gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi tí ẹnì kan bá fi hàn pé kò ṣiṣẹ́, báwo sì ni oníṣọ́ọ̀bù abúlé ṣe máa fi ìyẹn hàn? Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba kọ ní 2025 pé ó kéré tán èèyàn 13 ló ṣeé ṣe kó ti gbẹ̀mí ara wọn torí ọ̀ràn yìí. Kóòtù gíga ti sọ ní 2019 pé àṣìṣe wà nínú Horizon, 2024 ni òfin pàtàkì tó wá nu ìdálẹ́bi wọn kúrò jáde.

Ọ̀gá àgbà Post Office láti 2012 títí di 2019, Paula Vennells, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, onígbàgbọ́ lèmi náà. Mo sọ ọ́ torí a máa ń rò pé tí ọ̀gá bá jẹ́ èèyàn Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn kà sí pàtàkì jù hàn nínú ohun tí wọ́n ń ṣe fún ogún ọdún: orúkọ Post Office kò gbọdọ̀ bàjẹ́, Horizon kò gbọdọ̀ jẹ́ òpùrọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sọ ohun tó bá ìyẹn mu, wọ́n gbà á gbọ́, nígbà tí èèyàn 900 sọ ohun tí kò bá a mu, olè ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Tí ẹ bá dúró lórí afárá Lafẹ́nwá nígbà òjò, ẹ̀ẹ́ rí Odò Ògùn tó pọ́n, tó ń gbé igi àti ọ̀rá lọ, àwọn ọmọdé á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin wọ́n á máa wò ó. Lókè lọ́hùn-ún ni dáàmù Ọ̀yàn wà, tí Shagari ṣí ní 1983, tó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Ọwọ́ àwọn Ogun-Oshun River Basin tí ọ́fíìsì wọn wà ní Abẹ́òkúta níbí ló wà. Omi yẹn ni Abẹ́òkúta ń mu, Èkó náà ń mu níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì ṣí géètì, omi yẹn náà ló ń kọjá lọ bá àwọn ará Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú.

Ní oṣù kẹsàn-án ẹ ronú ẹni tó máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí i tàbí kí wọ́n má ṣí i. NiMet, àjọ ojú ọjọ́, ti sọ bí òjò ṣe máa rí, NIHSA, àjọ tó ń wo omi odò, ti sọ ibi tí omi lè ya dé, irin tí wọ́n fi ń wọn omi ń sọ bó ṣe ga tó. Gbogbo nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ omi máa gbẹ ní oṣù kejì, tí àwọn aráàlú á máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, á fẹ́ fi omi pamọ́ di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń rántí ilé tó wà ní bèbè odò á fẹ́ máa tú u díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bí omi ẹ̀ẹ̀rùn ò tilẹ̀ ní tó. Kò sí irin ìwọnmi kankan tó máa sọ fún un èyí tó yẹ kó jẹ ẹ́ lógún jù. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé tí ọ̀gá bá jáde wá sọ pé "ohun tí détà sọ la tẹ̀ lé," ẹ bi í pé ta ló wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó ń ka détà náà, kó sì sọ ọ́ síta ṣáájú òjò, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí omi bá ti kó ilé lọ.

Nínú ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe sọ́fítíwíà la yí padà lẹ́yìn ọdún yẹn. Ìwé mítìn la yí. A kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n yí ọjọ́ tàbí àwọ̀ padà nínú kọ̀ǹpútà, kí ó sọ ìdí ẹ̀ lójú gbogbo ìgbìmọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún. Ìkejì ni pé ẹni tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí lóònù tuntun, torí tí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ló máa ṣí ẹnu mọ́ ní Ẹ̀gbá níbí? Ìkẹta ni èmi fúnra mi bẹ̀bẹ̀ fún: pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí owó tó fi pamọ́ ò ju kékeré lọ máa jókòó tì wá nígbà tí a bá ń pinnu, kó kàn jókòó, kó máa gbọ́.

Alága ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Wọ́n ka àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Àyọ̀, ọjọ́ Sátidé yẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ó yẹ, sà, ẹ jọ̀ọ́." Ọgbọ̀n ọjọ́ la dá a padà sí, pupa mọ́kàndínlógún ló jáde lójú gbogbo wa, ìyá aláró láti Ìtòkú jókòó ní apá ọ̀tún mi, a ò sì fọwọ́ sí lóònù kankan lọ́jọ́ yẹn.